Yàrá Tí A Ń Wọ̀ Sí Nígbà Tí A Bá Lọ Sílé Ṣọdún

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, bí ọdún bá ti ku nǹkan bí oṣù 3, ìwé tí a fi ń béèrè ẹ̀yáwó a bẹ̀rẹ̀ sí í ga lórí tábìlì àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní agbègbè wa yìí, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà títí dé Òkòkòmáíkò. Nígbà tí a bá lọ yẹ ìwé wò, a máa ń ka ohun tí olúkúlùkù kọ sí iwájú ìbéèrè pé, "Kí ni ẹ fẹ́ fi owó náà ṣe?" Ẹlòmíràn a kọ owó ilé ìwé, ẹlòmíràn a kọ ọjà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ń bọ̀, "àtúnṣe ilé" ni ó máa ń pọ̀ jù. Bí a bá sì fara balẹ̀ bi ẹni tó kọ ọ́, a óò rí i pé ilé tó ń gbé ní Ìyànà-Ìbà kọ́ ló ń wí. Ilé tó wà ní ìlú baba rẹ̀ ni, pàápàá yàrá kan ṣoṣo tó máa ń sùn sí ní ìwọ̀nba ọjọ́ tó bá lò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yàrá yìí ni a fẹ́ bá yín sọ lẹ́ẹ̀kan yìí. Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n a ti rí i tó sọ ọ̀rẹ́ di ẹni tí kò kí ara wọn mọ́ ní ìpàdé ẹgbẹ́.

Àwọn òyìnbó tó rí já jẹ a máa ní ilé ìsinmi létí òkun, tí wọ́n ń lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tiwa ni ilé tó wà ní ìlú wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú fẹ́ sùn sílé kí ó lè wà ní Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá. Ọmọ Ẹ̀gbá ń retí ọdún Líṣàbí, ọmọ Òṣogbo ń retí ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ, ọmọ Èkìtì ń retí Kérésìmesì. Ọmọ Àgbádárìgì kò tilẹ̀ ní wàhálà púpọ̀, ọ̀nà kan náà tó ń gbà lọ síbi iṣẹ́ ni yóò tọ̀ lọ sí apá kejì. Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń gbé níhìn-ín. Láti agogo 4 ìdájí ni kọ̀ńdọ́kítọ̀ ti ń pe èrò ní ojú pópó Àgbádárìgì, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà lẹ́bàá fèrèsé wa, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn tó ń polówó ọjà kò sì dákẹ́ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Bí ara bá máa sinmi rárá, ilé ni. Síbẹ̀, kò ṣọ̀wọ́n kí a gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ti ilé dé pé òun kò fojú kan oorun fún ọjọ́ 4 tí òun lò.

Kò ṣòro láti mọ ohun tó fà á. Yàrá tí a tì pa fún oṣù 10 kì í dúró bí a ṣe fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn, òórùn ọ̀rinrin ni yóò kọ́kọ́ kí yín. Àdán ti wọ inú àjà, ìgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ilà sára ògiri. Ara ògiri ti dúdú nísàlẹ̀ bí ẹni fi èédú kùn ún. Àbúrò bàbá yín ti kó àgbàdo sínú igun kan, eku sì ti bá a jẹ nínú rẹ̀. Fóòmù tí ẹ tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti mu omi láti inú sìmẹ́ńtì. Nígbà náà ni a ó wá gbálẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tí a dé, a ó fín oògùn ẹ̀fọn kiri, a ó tan tọ́ọ̀ṣì, a ó sì sùn sórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ ẹgbẹ́ kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí dùn débi tó fi pinnu pé òun kò ní rí irú rẹ̀ mọ́ láéláé. Ó yá owó. Ó ra bẹ́ẹ̀dì gbàǹgbà kan tó ní agbórí gíga, ó ra kápẹ́ẹ̀tì, ó ra pépà aláràbarà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì kó gbogbo rẹ̀ lọ sílé ní oṣù kọkànlá. Nígbà tí bẹ́ẹ̀dì náà kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, wọ́n yọ férémù ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ọdún náà dùn, gbogbo ẹbí ló wá wo yàrá. Nígbà tí Iléyá tó tẹ̀lé e fi máa dé, pépà náà ti ṣí kúrò lára ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú, kápẹ́ẹ̀tì sì ti rà nísàlẹ̀ fèrèsé. Òrùlé ló ń jò láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gùn ún wò. Ní gbogbo àkókò yìí, owó ẹgbẹ́ kò wọlé fún oṣù 4. Nígbẹ̀yìn, ìgbìmọ̀ gé e lára owó ìfipamọ́ àwọn 2 tó dúró fún un. Ọ̀kan nínú wọn ti ń tọ́jú owó tirẹ̀ de ìwọlé ọmọ sí yunifásítì.

A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni yìí ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe: ó fi ohun tí àlejò ń rí ṣáájú ohun tí oorun fẹ́. Oorun fẹ́ ògiri gbígbẹ, afẹ́fẹ́ tó mọ́, ibùsùn tí kòkòrò kò bá wa gbé, àti ohun díẹ̀ tí ojú wa mọ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò wọ́n.

Kí a tó dé orí ògiri, ẹ jẹ́ kí a béèrè ohun kan tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé. Yàrá ta ni? Bí ilé náà bá jẹ́ èyí tí ẹ fúnra yín kọ́ sórí ilẹ̀ tí ẹ rà, kò sí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ yàrá nínú ilé ẹbí, tí wọ́n pín fún yín nígbà tí bàbá kú, àṣẹ láti gbé inú rẹ̀ ni ẹ ní. Àwọn ilé ẹjọ́ wa ti sọ ọ́ léraléra pé ilé ẹbí kì í di ti ẹnìkan nítorí pé ó fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe. Ọ̀dà tí ẹ kùn, fèrèsé tuntun tí ẹ fi sí i, àjà tí ẹ kàn, gbogbo rẹ̀ di ti ẹbí. Èyí kò ní kí ẹ má tún un ṣe. Ó kàn ní kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún olórí ẹbí, tàbí mọ́gàjí bí ó bá jẹ́ ní Ìbàdàn, kí ẹ má sì fi owó tí ẹ kò lè gbé kúrò níbẹ̀ lé e lórí. Ohun tí ẹ lè ká, tí ẹ lè gbé, tí ẹ lè fi jogún fún ọmọ yín ni kí ẹ ná owó púpọ̀ lé. Kò sì sí bí irú yàrá bẹ́ẹ̀ ṣe lè jẹ́ ohun ìdúró fún ẹ̀yáwó. A ti rí ẹni tó kọ ọ́ sínú ìwé, akọ̀wé sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́.

Ó wá kan ògiri. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá àkọ́kọ́, ọ̀nà 3 ló sì máa ń gbà wọlé. Ó ń ti òkè wá bí òrùlé bá ń jò, ó ń ti ilẹ̀ wá bí omi òjò bá ń dúró sẹ́bàá ìpìlẹ̀, ó sì ń ti inú afẹ́fẹ́ wá bí a bá ti gbogbo fèrèsé pa. Ẹ wo ibi tí àmì dúdú wà, yóò sọ fún yín. Bí ó bá wà lókè nítòsí àjà, ẹ pe ẹni tí yóò gun òrùlé. Bí ó bá wà nísàlẹ̀, tí ohun funfun bí iyọ̀ ń hù lára ògiri, omi ilẹ̀ ni. Ẹ gbẹ́ gọ́tà kékeré tí yóò darí omi kúrò lẹ́yìn ilé. Bí ó bá wà ní igun yàrá àti lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, afẹ́fẹ́ ni kò rìn.

Ọ̀pọ̀ ilé bàbá wa ló jẹ́ ilé amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lẹ́yìn. Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí nìyí. Ògiri amọ̀ a máa mu omi díẹ̀, a sì máa tú u jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí ẹni tó ń mí. Bí a bá fi sìmẹ́ńtì líle bò ó, tí a tún fi ọ̀dà olóróró kùn ún lórí, omi tó wà nínú rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde mọ́. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ sìmẹ́ńtì náà a wú, a sì ṣí bí èèpo. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ fẹ́ ọ̀dà olómi, èyí tí a ń fi omi là, nítorí ó ń jẹ́ kí ògiri mí díẹ̀. Bí bíríkìlà bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ibì kan fún yín, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ tó ọ̀sẹ̀ 4 kí pẹ́ńtà tó débẹ̀. A mọ̀ pé pẹ́ńtà yóò ní ó ti gbẹ. Ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ló ń kà.

Dúdú tó hù sára ògiri, ẹ má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ, nítorí eruku rẹ̀ kò dára fún àyà, pàápàá fún ẹni tó ní ikọ́ fée. Ẹ fi aṣọ bo imú, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ po bílíìsì ife 1 mọ́ omi ife 9, ẹ fi kàn-ìn-kàn-ìn nu ún, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ kò gbọdọ̀ da bílíìsì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́, tàbí mọ́ fínígà, tàbí mọ́ oògùn ìfọlẹ̀ míràn. Èéfín tí yóò jáde níbẹ̀ lè pa ènìyàn nínú yàrá kékeré. Bí ọ̀dà àtijọ́ bá jẹ́ olóróró, tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí bàbá wà láyé, ó ṣeé ṣe kí òjé wà nínú rẹ̀. Ẹ rin ín kí ẹ tó fi pépà yún un, kí ẹ kó èérún rẹ̀ dànù dáadáa, kí ọmọdé àti aboyún má sì sí nítòsí.

Ìṣirò ọ̀dà nìyí, nítorí pẹ́ńtà a máa ra kọjá iye tó yẹ. Kí a sọ pé yàrá náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 12 ní ìbú, tí gíga rẹ̀ jẹ́ 10. Ògiri 4 náà yóò jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 480 níbùú lóròó. Bí a bá yọ ilẹ̀kùn 1 àti fèrèsé 2 kúrò, yóò ku nǹkan bí 430, èyí tó jẹ́ mítà 40 níbùú lóròó. Lítà 1 ọ̀dà olómi a máa kun tó mítà 10 lórí ògiri tó jọ̀lọ̀. Bí a bá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, lítà 8 ni, ẹ fi 2 lé e bí ògiri náà bá ṣe gbágungbàgun. Ó di lítà 10, ìyẹn ìdajì garawa ńlá onílítà 20. Ẹ wá rí i pé garawa 1 tó fún ọmọ ẹgbẹ́ 2. Bí ẹgbẹ́ yín bá ní ètò ọjà rírà, kí ló dé tí olúkúlùkù ń lọ dá ra tirẹ̀ ní owó wẹ́wẹ́? Ẹ kó orúkọ jọ, kí ìgbìmọ̀ lọ rà á ní ilé iṣẹ́ tàbí lọ́wọ́ alágbàtà ńlá.

Àwọ̀ wo ni kí a kùn? Olúkúlùkù ló ní ojú tirẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá tí a fẹ́ sùn nínú rẹ̀ kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Àwọ̀ pupa fòò àti àwọ̀ ewé tó ń tan yẹ̀rì lè dùn-ún wò fún ọjọ́ 1, lẹ́yìn náà wọn a máa gún ojú. Funfun tó fẹ́ jọ ẹyin adìyẹ, àwọ̀ yẹtuyẹtu, tàbí àwọ̀ amọ̀ fífẹ́lẹ́ dára jù, nítorí wọ́n ń tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ tó bá wọlé káàkiri, yàrá kékeré a sì dà bí ẹni gbòòrò. Gílóòbù náà, èyí tí iná rẹ̀ fẹ́ pọ́n díẹ̀ ni kí ẹ fi sí yàrá. Funfun gbòò jẹ́ ti pálọ̀ àti ilé ìdáná.

Bí ògiri bá ti tutù lójú báyìí, aṣọ ni yóò sọ ẹni tó ni yàrá. Níbí ni a ti ní ohun tí òyìnbó ń wá káàkiri ayé, tí a sì ń fi sílẹ̀ lọ ra kọ́tìnnì onírọ́bà. Àdìrẹ Abẹ́òkúta, yálà oníko tí wọ́n fi ìko dì tàbí ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ yà, aṣọ òwú ni. Ó fẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, kì í sì í pa ọ̀rinrin mọ́ bí kọ́tìnnì tó nípọn. Aró rẹ̀ tutù sí ojú. Bí ẹ bá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, Ìbàdàndùn wà, tí àwọn tó ń yà á máa ń fi òpó Gbọ̀ngàn Mápó, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1929, sínú rẹ̀. Ẹni tó bá jí ní òwúrọ̀ tó sì rí òpó Mápó lórí fèrèsé, ó mọ ibi tó wà. Ẹ fọ àdìrẹ tuntun lọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta pẹ̀lú omi tútù kí ẹ tó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, kí aró má bà á ran ìrọ̀rí àti aṣọ funfun. Ẹ sì sá a sí abẹ́ ìbòòji, nítorí oòrùn a máa jẹ ẹ́.

Aṣọ òkè ìyá wa ńkọ́? Nínú àpótí ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà tí kòkòrò ń jẹ ẹ́. Sányán tó ní àwọ̀ bí ìyànrìn, àlàárì pupa, ètù tó dúdú bí aró, kò sí èyí tí kò yẹ kí ojú rí. A dé ilé ìyá kan tó ń ta ẹja ní ọjà wa níhìn-ín, ọmọ ẹgbẹ́ tó ti pẹ́, nígbà tí a lọ wo bó ṣe lo ẹ̀yáwó rẹ̀. Owó kékeré ló yá. Ó fi tún òrùlé ṣe, ó fi ra ọ̀dà, ó fi ṣe nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé. Ìró ètù ìyá rẹ̀ tó ti ya ní ìdí, ó ní kí télọ̀ gé ibi tó dára, kí ó fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ lẹ́yìn, ó sì fi gbọ̀ọ̀rọ̀ igi gbé e kọ́ sára ògiri níbi tí oòrùn kò dé. Àpótí ìjókòó tí ìyá náà ń lò nídìí ààrò ló gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí ó ń gbé fìtílà àti omi lé. Ó ní, "Bí mo bá ti wọlé báyìí, ó dà bíi pé màámi ti fi omi sílẹ̀ fún mi." A jókòó síbẹ̀ díẹ̀ ju bí iṣẹ́ ṣe gbà lọ.

Àwòrán náà ń kọ́? Ó wù wá kí a gbé àwòrán bàbá àti ìyá kọ́. Ara ògiri inú ni kí ẹ gbé e kọ́ sí, kì í ṣe ara ògiri tí òjò ń nà láti òde, kí pépà díẹ̀ sì wà láàárín àwòrán àti gíláàsì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọn a lẹ̀ mọ́ ara wọn, kò sì ní ṣeé yọ mọ́. Àwọn kan kò fẹ́ kí òkú máa wo wọn sùn. Èyí kò burú, ẹ gbé e sí pálọ̀. Àwa fúnra wa kò lè sùn níbi tí kàlẹ́ńdà olóṣèlú bá ti ń rẹ́rìn-ín sí wa.

Ibùsùn. Ẹ má ṣe tẹ́ fóòmù sórí sìmẹ́ńtì lásán. Kí káfíńtà kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní àlàfo pọ̀ ní gíga ẹsẹ̀ bàtà 1, afẹ́fẹ́ yóò máa gba abẹ́ rẹ̀. Kí àlàfo tó gba ọwọ́ wà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri. Ẹ̀yin tí ilé yín wà létí òkun ní apá Àgbádárìgì, ẹ má ra bẹ́ẹ̀dì onírin, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ yóò jẹ ẹ́. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n ti fi oògùn sí ni kí ẹ so, kí ẹ kọ́kọ́ ná an sí abẹ́ ìbòòji fún ọjọ́ 1 kí ẹ tó sùn sínú rẹ̀. Ọmọ tí a bí ní Èkó tó lọ sùn ní abúlé láìsí nẹ́ẹ̀tì, ibà ni ó sábà máa ń gbé padà.

A fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí ohun 3 tó kàn yìí, nítorí ẹ̀mí ló wà níbẹ̀.

Oògùn olómi tí wọ́n ń pè ní dichlorvos, tí ọ̀pọ̀ ń fín sí yàrá ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé, oògùn oko ni. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fi òfin de títà àwọn ìgò kékeré rẹ̀, nítorí ìpalára tó ń ṣe. Ẹ má fín in sí ibi tí ènìyàn yóò sùn. Bí nẹ́ẹ̀tì bá wà, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ fi í ṣe.

Èkejì ni káńfọ̀ tí a ń jù sínú aṣọ. Nínú àwa Yorùbá, ó tó ọkùnrin 1 nínú 5 tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní èròjà tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD tó bó ṣe yẹ láti ìgbà ìbí. Àgbàlagbà lè má mọ̀ pé òun ní i. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi aṣọ tó ń rùn káńfọ̀ wé ọmọ ìkókó tó ní irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà lè máa bàjẹ́, ojú rẹ̀ a pọ́n bí ìyeyè, ó lè ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́, ó sì lè pa á. Ilé la sì máa ń gbé ọmọ tuntun lọ láti fi han ìyá àgbà. Ẹ jù ú dànù, ẹ sá aṣọ sóòrùn, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí tó ní ọmọrí.

Ẹ̀kẹta ni jẹnẹrétọ̀. A ti rí ọ̀pọ̀ tí wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè. Ọ̀kan nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, a kì í rí i, ó sì ń pa odindi ẹbí lójú oorun. Ìta gbangba, jìnnà sí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà, ni ibùgbé rẹ̀, kí ẹ sì pa á kí ẹ tó sùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, èyí tí í ṣe iṣẹ́ wa gan-an. Láti ọdún 1935, nígbà tí òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àkọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà lẹ́yìn ìwádìí tí ọ̀gbẹ́ni C. F. Strickland kọ jáde ní ọdún 1934, ni wọ́n ti ń kọ́ wa pé kí a wo agbára ẹni tó ń yá owó láti san án padà kí a tó wo ohun tó fẹ́ rà. Ẹ jẹ́ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó yá ₦300,000 fún oṣù 12, ₦25,000 ni yóò máa dá padà lóṣù kí a tó ka èlé. Bó bá gbà á ní oṣù kẹrin nítorí Iléyá, oṣù kẹsàn-án yóò bá a lẹ́nu rẹ̀, owó ilé ìwé àwọn ọmọ yóò sì dé. Kí ó ṣírò méjèèjì pọ̀ kí ó tó wá onídùúró. Bí èyí bá ṣòro, kí ó pín iṣẹ́ náà sí ọdún 2: òrùlé, ògiri àti nẹ́ẹ̀tì ní ọdún kìn-ín-ní, ibùsùn àti aṣọ ní èkejì, láti inú owó ìfipamọ́ rẹ̀ bó bá lè ṣe é.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Iléyá ń sún síwájú ní ọjọ́ 10 tàbí 11 lọ́dọọdún. Ní ọdún 2024, ọjọ́ 16 oṣù kẹfà ló bọ́ sí, àárín òjò gan-an. Ẹni tó bá dúró di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún yóò kun ògiri tútù. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kejì ni kí iṣẹ́ ògiri àti ọ̀dà wáyé, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́. Ẹni tó fẹ́ ẹ̀yáwó fún un, kí ìwé rẹ̀ dé ọwọ́ akọ̀wé ní oṣù kẹwàá. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe sínú rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, lítà ọ̀dà mélòó, páànù mélòó, kí ó má jẹ́ "àtúnṣe ilé" lásán.

Bí ọdún bá parí tí ẹ ń padà bọ̀ ní Ìyànà-Ìbà, ẹ gbé fóòmù dúró ní òòró kí ó má fara kan ògiri, ẹ ká àdìrẹ sínú àpótí, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin dí ihò tí àdán ń gbà wọ àjà, ní alẹ́ nígbà tí gbogbo wọn ti fò jáde, kì í ṣe ní ọ̀sán. Kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ 1 sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé ní agbolé, kí ó máa ṣí fèrèsé láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ 2. Ẹ fún un ní nǹkan fún iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ sì sọ fún un pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé àgbàdo kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Bí ó bá ṣe àbúrò bàbá yín ló ni àgbàdo náà, ẹ bá a wá ibòmíràn tí yóò kó o sí kí ẹ tó kúrò nílé.